Ohun Tó Wà Nínú Kókó Ewé Ìrókò

"Ìyá, ẹ lọ kó ẹrù yín. Ọwọ́ yín tó ní kókó yẹn ló ń ran àwọn igi wọ̀nyí. Tó bá di Mọ́ńdè tí mo bá tún rí yín nínú ọgbà yìí, mi ò ní wo ti ewú orí yín mọ́."

Bí Fọ́mánì ṣe pariwo ẹ̀ láàárọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò níbẹ̀. Mo sáré kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà, torí mo mọ ara mi: tó bá fi máa di ọ̀la, màá ti dín in kù, màá ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pariwo mọ́ ni Viavonọ, ìyá arúgbó tí èmi àtiwọn jọ ń bomi rin àwọn ọmọ igi nínú ọgbà tó wà ní Àjárá. Èmi tí mo mọ ohun tó gbé kókó sára àwọn igi náà, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo dúró sí, mò ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń kọ ìwé yìí sí. O ò tíì dé. Oṣù kẹfà nìyí tó o ti wà nínú mi, o sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá bí ẹni tí wọ́n dí lọ́nà. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọ ọwọ́ kọ́ nìyí. Ìsàlẹ̀ àpótí ni màá fi í sí, ọjọ́ tó o bá rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó o fẹ́ kúrò nílé ni màá yọ ọ́ fún ọ. Mo mọ̀ pé àwọn òbí tó kù máa ń dúró kí ọmọ dàgbà kí wọ́n tó kọ irú ìwé báyìí. Tí mo bá dúró, èmi náà á ti dàgbà, àwọn àgbàlagbà sì máa ń gbàgbé bí àṣìṣe wọn ṣe rí gan-an. Wọ́n á ní, nígbà táwọn wà lọ́mọdé, àwọn ṣe agídí díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, tèmi ṣì gbóná. Torí náà, ìyá tí kò tíì bímọ ló ń gbà ọ́ nímọ̀ràn, ọkọ mi, ìyá mi, èyí tó bá wù kó o jẹ́ nínú méjèèjì.

Ìyàkọ mi ń kan ilẹ̀kùn pé ṣé mi ò ní jẹun ni. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni, orí ò fọ́ mi. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Èkíní. Má fi ìbínú kúrò níbi tó o ti ń kọ́ nǹkan.

Ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà ni mo kà dé, kíláàsì kejì, mi ò parí ẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé torí bàbá mi tó kú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà ló ní kí n wá ka ohun tí mo kọ síwájú kíláàsì. Mo kọ ọ́ bí àwa ará Gbẹrẹfu ṣe máa ń sọ̀rọ̀, Gùn lápá kan, Yorùbá lápá kan, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀. Mo kó ìwé mi, mo jáde, mo lọ sí èbúté, mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tá a dé àárín ọ̀sà, mo ju báàgì ìwé náà sómi. Ó kọ́kọ́ léfòó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró bóyá màá yí ọkàn padà.

Mo sọ fún ìyá mi pé tíṣà lé mi ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ró ìró tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá omi, wọ́n lọ kúnlẹ̀ bẹ tíṣà. Tíṣà ní òun ò lé ẹnikẹ́ni. Ìyá mi padà sílé, wọ́n dáná, wọ́n bu oúnjẹ fún mi, ẹja tó tóbi jù ni wọ́n fi sí tèmi. Títí dòní, wọn ò bi mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Ọmọ mi, àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn ti gbàgbé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èmi ni mo ṣì ń gbé e kiri. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ rẹ, fajú ro tó o bá fẹ́ fajú ro, ṣùgbọ́n jókòó síbẹ̀.

Ìwé kíkọ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Gbogbo nǹkan ni mò ń kọ: ẹni tó wò mí níwòkuwò, ohun tí mo jẹ, ọjọ́ tí mi ò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Irú ọjọ́ yẹn pọ̀. Sẹ̀tọ́njí, bàbá rẹ, máa ń sọ pé tóun bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀, ojú mi lòun ń kọ́kọ́ wò kóun tó wo òkè. Ó ń wa típà tó ń kó iyanrìn síbi ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń là lọ sí Sẹmẹ̀. Látìgbà tí owó epo rọ̀bì ti dé, kò sí ọkùnrin tó fẹ́ gbọ́ orúkọ iṣẹ́ míì mọ́ yàtọ̀ sí sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àwa obìnrin ni wọ́n rí gbà sínú ọgbà igi.

Èkejì. Kó o tó gbà pé ẹnì kan ló ṣe é, là á kó o wo inú ẹ̀.

Ìrókò là ń tọ́jú nínú ọgbà wa. Inú ọ̀rá dúdú la máa ń gbìn ín sí, ní ìlà ìlà, títí á fi ga tó èyí tí wọ́n lè kó lọ sígbó. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, àwọn ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kókó á yọ lójú ewé, àwọ̀ ewé tútù tó ti ń pọ́n díẹ̀, á le kankan, omi á kún inú ẹ̀. Òmíì á ká gbogbo ọ̀mùnú orí igi náà pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, bí ìkúùkù ọmọ tuntun. Tó bá yá, á là, á jẹrà, igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí wá sísàlẹ̀.

Oríṣiríṣi ni wọ́n sọ. Ìyàkọ mi ní ìrókò kì í ṣe igi téèyàn ń tọ́ nínú ọ̀rá bí ọmọ adìyẹ, ẹni tó ni ín ló ń bínú. Àwọn kan ní iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ni. Fọ́mánì ní àrùn ni, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. (Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pe Fọ́mánì ní "wọ́n". Lónìí, inú ń bí mi sí i.)

Èmi kàn ń ya àwọn kókó náà sínú ìwé mi. Mo ya ti ewé máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, tó rí bí ooru tó sú sọ́rùn ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ló sì ń so lọ́dọọdún, kò kan án. Mo ya ti ewé òdán, tó máa ń ká ara ẹ̀ bí ẹni ká ẹní, tí kòkòrò dúdú wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ á sì wà láàárín ẹ̀. Mo ya ti ìrókò. Ibi tí mo ti ń yà á ni Viavonọ ti bá mi. Nọ ni ìyá lédè Gùn. Ìyá Viavo ni wọ́n. Viavo fúnra ẹ̀ ti kú kí n tó gbọ́njú, orúkọ ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù lára ìyá ẹ̀. Gbogbo oríkèé ìka wọn ló ti wú kókó kókó, ọjọ́ orí ni àti ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń rin àgbọn, tí wọ́n ń fún òróró ẹ̀. Wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n wo ikùn mi.

"Ohun tó bá wú, nǹkan ló wà nínú ẹ̀," ni wọ́n wí, pẹ̀lú Yorùbá wọn tó máa ń fi ẹsẹ̀ kan dúró sínú Gùn. "Ìwọ náà wú. Ta ló ń bi ọ́ pé ta ló sà sí ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ náà pé mo rẹ́rìn-ín, torí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ni mo bá fi abẹ la kókó kan. Yàrá kékeré wà nínú ẹ̀, ọmọ kòkòrò kan sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, bí ẹni pé òun ló kọ́lé. Mo la òmíì, méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé òótọ́ ojú ni wọ́n ń sọ.

Mo kó kókó márùn-ún tí wọn ò tíì là sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ dí ẹnu ẹ̀, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n là. Kòkòrò kéékèèké abìyẹ́ jáde. Tí mo bá fọwọ́ kan ìgò, wọ́n á fò bí ìrẹ̀. Mo wá mú ọmọ ìrókò méjì tí ara wọn mọ́ wálé, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tú kòkòrò sábẹ́ ọ̀kan, mi ò tú sábẹ́ èkejì. Ọ̀kan wú. Èkejì ò wú. Omi kan náà ni wọ́n ń mu, ọwọ́ kan náà ló ń bu ú fún wọn, ọwọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i pé ó wú. Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Ka àárín ẹ̀ wò, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kó o parí, parí ẹ̀ títí dé ibi tó ń rùn.

Nígbà tí kókó náà bẹ̀rẹ̀, Fọ́mánì pè mí, ó ní kí n máa ja gbogbo ewé tó bá wú ní ìlà tèmi, kí n kó wọn jìnnà, kí n sun wọ́n. Mo ja wọ́n. Ṣùgbọ́n ewé tútù kì í jó, èéfín ló ń ṣe, èéfín náà sì ń rú mi nínú, ìwọ lo fà á, oṣù kẹta rẹ nìgbà yẹn. Mo sun ún lẹ́ẹ̀kan, mo bì títí ojú mi fi pọ́n. Mi ò tún sun ún mọ́.

Ohun tí mo ṣe dípò ẹ̀ nìyí, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Gbẹrẹfu kò ní ṣe é. Iyanrìn nilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Kò sí ohun tá à ń sọ nù. Ìpẹ́ ẹja, èèpo àgbọn, eérú, ewé gbígbẹ tá a gbá nílé, ìdí àgbọn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, torí bí a ò bá bọ́ àgbọn, iyanrìn ò ní bọ́ ọ fún wa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ràn igi, ìdí ẹ̀ ni yóò kó pàǹtí sí. Ni mo bá kó àwọn ewé tó wú jọ, mo kó wọn sídìí ìrókò, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kó lè tètè jẹrà.

Ìlà ta ni mo kó o sí? Ti Viavonọ. Mo fẹ́ràn wọn, mo fẹ́ kí tiwọn ga ju ti gbogbo ọgbà lọ. Mi ò sọ fún wọn, mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.

Ó yà wọ́n lẹ́nu. Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ yẹn tutù, ó dákẹ́, àwọn kókó náà là níbẹ̀ láìsí ìyọnu, àwọn kòkòrò sì jáde sórí igi tó sún mọ́ wọn jù. Ìlà mi mọ́ tónítóní torí mo ti ja gbogbo tèmi. Ìlà wọn wú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi igi díẹ̀. Wọ́n ní ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Irọ́ ni, ọmọ mi, tàbí kó jẹ́ pé eérú ò mọ ọ̀nà dáadáa. Èmi ni mo dà á, ojú ìyá arúgbó ló fẹ́ lọ.

Mo ti fẹ́ dáwọ́ dúró níbí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, o sì ti gbé orí sí ìhà mi. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ èyí tó kù, àwọn tó wà lókè kò wúlò.

Ẹ̀kẹrin ni, àbí ẹ̀karùn-ún. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òótọ́ fúyẹ́ jù.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Fọ́mánì kó gbogbo wa jọ sáàárín ìlà mi àti ti Viavonọ. Ó ní ká wo ìlà tí ọmọdé ń tọ́jú, ká wo ti ìyá yìí. Ó yìn mí. Ó ní òun máa kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ igi ní Ìbàdàn, pé tí mo bá ti bímọ tán tí ọmọ ti lè jókòó, mo lè lọ, wọ́n ń wá obìnrin tó mọ̀wé kọ. Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi? Báàgì yẹn ló léfòó padà wá láti inú ọ̀sà. Mi ò sùn dáadáa fún ayọ̀. Bàbá rẹ ti ń fi í ṣe ẹlẹ́yà nínú mọ́tò pé òun fẹ́ ìyàwó, ọ̀gá igbó lòun gbé wálé.

Nígbà yẹn, ìmọ̀ mi ò tíì dájú, mo ní ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dájú, mi ò sọ ọ́. Lónìí, Fọ́mánì lé ìyá arúgbó lójú mi. Viavonọ na ọwọ́ wọn méjèèjì jáde, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn kí gbogbo èèyàn lè rí i, bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó fọhùn, wọ́n mú agolo omi wọn, wọ́n da èyí tó kù nínú ẹ̀ sídìí igi tó sún mọ́ wọn, wọ́n lọ. Igi tí Fọ́mánì torí ẹ̀ lé wọn.

Ìyàkọ mi ti gbọ́ nílé kí n tó dé. Wọ́n ní Fọ́mánì ṣe dáadáa, kí n má tún jẹ́ kí Viavonọ fọwọ́ kan ikùn mi láéláé.

Òní ni Sọ́ńdè, mo ti jẹun, mo fẹ́ parí ẹ̀.

Lánàá, mo parọ́ pé mò ń lọ kí ìyá mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Gbẹrẹfu, mo wá Viavonọ lọ. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń rin àgbọn. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú ikùn yìí, mo sọ gbogbo ẹ̀: ewé tí mi ò sun, ìdí igi tí mo kó o sí, ìgò, nẹ́ẹ̀tì, Ìbàdàn. Wọn ò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí mo sọ pé torí mo fẹ́ràn wọn ni mo ṣe kó o sí ìlà tiwọn, ìgbà yẹn ni wọ́n gbé àgbọn sílẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá o ń tàpá dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá igi kan ṣẹ́ kù tí kò wú nínú ìlà wọn. Mo sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án ló dúró gedegbe láàárín gbogbo kókó yẹn tí kòkòrò ò rí gbé ṣe, mo sì ti wo ìwé mi, ọ̀kan náà ni igi tá a ti ṣa èso wọn, igi ńlá kan ní ọ̀nà Gbájì. Ojú wọn là. Wọ́n ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ igi tó bí wọn ló le, kí àwọn ará ọgbà máa lọ ṣa èso níbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn ò ní sí láyé nígbà tí mẹ́sàn-án yẹn bá di igi, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú mi á jókòó sábẹ́ wọn.

Wọ́n wá gbé ọwọ́ oníkókó yẹn lé mi léjìká.

"Ovi ṣie," ni wọ́n wí, ìyẹn ọmọ mi lédè Gùn. "Pa ẹnu ẹ mọ́. Èmi ti bomi rin igi tó. Ọ̀nà ṣí fún ọ, gbà á lọ. Bó o bá sọ ọ́, àwa méjèèjì la máa jókòó sílé, kí ni èrè ẹ̀? Mo ti fi jì ọ́. Kò ṣe nǹkan kan."

Mo sunkún. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, ara mi fúyẹ́ bí igbá òfìfo. A dé àárín ọ̀sà, ibi tí mo ju báàgì sí gan-an, ni mo bá rántí ìyá mi àti ẹja ńlá tí wọ́n fi sínú oúnjẹ mi. Ìyá mi náà fi jì mí. Wọn ò bi mí, wọ́n fún mi lẹ́ja, èmi sì jẹ ẹ́ tán. Ibẹ̀ ló ti tún wúwo padà.

Ọmọ mi àtàtà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó o mú lọ síbi iṣẹ́ rẹ nìyí, tó o bá máa gbàgbé gbogbo èyí tó kù: bí ẹni tó o ṣẹ̀ bá ní kò ṣe nǹkan, inúure tiẹ̀ nìyẹn. Nǹkan ọ̀hún ṣì ṣe. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ wọn, àtúnṣe wà lọ́wọ́ rẹ. Má fi ọ̀kan san èkejì.

Tún gbọ́ èyí: ẹni tó bá kọ́ ọ lóhun tó o mọ̀, má jẹ́ kí wọ́n lù ú lójú rẹ. Ta ló sọ fún mi pé kí n la kókó? Ṣé Fọ́mánì ni?

Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa ìgbéyàwó àti nípa bí èèyàn ṣe ń fọ aṣọ òyìnbó, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ti dé. Ó ń kọrin lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ iyanrìn kúrò lórí, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé ibo ni ọ̀gá igbó òun wà. Ìyá rẹ̀ ní mo wà nínú ilé, mò ń kọ ìwé bí akọ̀wé kóòtù. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ilé rere nilé yìí, mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn èèyàn ló ti ṣòro jù láti sọ irú nǹkan báyìí.

Mo ti ṣe ìpinnu. Ìgò náà wà nínú agbọ̀n, kòkòrò mẹ́ta ṣì wà láàyè nínú ẹ̀. Mo ti gbé ọmọ ìrókò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, èyí tó wú àti èyí tí kò wú. Àárọ̀ ọ̀la, kí àwọn tó kù tó dé, màá bá Fọ́mánì ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Màá pè é ní "wọ́n". Màá la kókó kan lójú wọn, màá mú wọn lọ sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ yẹn, màá sọ ọwọ́ tó kó o síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá fi ọwọ́ yìí kan náà kó gbogbo ẹ̀, màá sun ún, èéfín á rú mi nínú, màá bì. Wọ́n lè pa orúkọ mi rẹ́ kúrò nínú ìwé Ìbàdàn. Wọ́n sì lè má pa á rẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú kókó wúlò fún ọgbà ju ẹni tí ìlà ẹ̀ kàn mọ́. Ìrètí yẹn ò tíì kú nínú mi, mi ò sì fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ì báà kú, màá lọ.

Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ, mi ò ní sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Viavonọ pàápàá rò pé mo ti gbà láti dákẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, ìfẹ́ ni wọ́n á fi dì mí mú, mo sì mọ̀ pé màá jẹ́ kí wọ́n dì mí mú. Ìwọ nìkan lo gbọ́, o ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó di Mọ́ńdè.

Tí ẹsẹ̀ mi bá yẹ̀ lọ́la, tí mi ò lọ bá Fọ́mánì, màá sun ìwé yìí kí ilẹ̀ tó ṣú, torí mi ò ní lè wo ojú rẹ kí n gbé e fún ọ. Torí náà, tó o bá ń kà á, ìyá rẹ lọ.